Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ẹrù Ológun Tó Ń Lọ fún Àtúnṣe, Láti Orí Pẹpẹ Sítọ́ọ̀ Títí Yóò Fi Padà Wálé

Ní oṣù kẹta ọdún 1999, GAO, iléeṣẹ́ tó ń bá Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ ìjọba wò, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ẹrù àwọn ọmọ ogun ojú omi. Láàárín ọdún mẹ́ta, ẹrù tí iye rẹ̀ ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ pé ó sọnù lójú ọ̀nà. Kì í ṣe ìṣó àti nọ́ọ̀tì lásán. Awò tí wọ́n fi ń ríran lóru wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ọkọ̀ òfurufú fi ń yin mísáìlì náà wà níbẹ̀. Ìlànà tí ì bá jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹrù wọ̀nyí wà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Wọn kò tẹ̀ lé e ni.

Ní oṣù keje ọdún 2004, GAO tún padà sọ́dọ̀ wọn, lọ́tẹ̀ yìí lórí ẹrù tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe tó ń bá wọn tún nǹkan ṣe. Ẹrù tí iye rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 115 dọ́là ló ti lọ bẹ́ẹ̀ láàárín oṣù méjìlá. Àwọn agbaṣẹ́ṣe kò kọ̀wé pé ó tẹ àwọn lọ́wọ́, àwọn tó yẹ kó béèrè kò sì sọ ọ́ di dandan fún wọn.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní ẹ̀ka ẹrù nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, àti fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ tó ń gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ètò MAVNI ní ọdún 2008, tí wọ́n ń wá àwọn àjèjì tó gbọ́ èdè kan àti òmíràn, èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè tí wọ́n ń wá, àwọn ọmọ wa sì gba ọ̀nà yẹn wọlé. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa kọ́ yín níbi iṣẹ́. Àmọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan, ẹ jẹ́ kí ohun kan yé yín dáadáa. Nígbà tí ẹrù bá ti kúrò lọ́dọ̀ yín tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó máa tún un ṣe, ìwé tiyín ti yọ ọ́ kúrò, ìwé tọ̀hún kò sì tíì mú un wọlé. Àlàfo àárín ìwé méjèèjì yẹn ni ẹrù ń gbà lọ. Ẹni tó bá ti fi wébíìlì ránṣẹ́ láti Èkó sí Ìlọrin rí mọ ohun tí mò ń sọ: awakọ̀ lè búra pé òun ti já a sílẹ̀ ní gáréèjì, ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ kì í balẹ̀ títí ẹni tó ni ín yóò fi pè é pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfurufú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ẹrù fúnra rẹ̀

Ẹ gbé ẹrù náà síwájú kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ bá rí lára rẹ̀ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ohun tí ìwé tó ti wà nílẹ̀ sọ pé ó yẹ kó wà lára rẹ̀. Àwọn kan máa ń da serial number kọ láti orí ìwé tí wọ́n fi gba ẹrù náà lọ́jọ́sí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn. Ìwé á wá máa sọ ti ẹrù kan, àpótí á sì gbé ẹrù mìíràn. Kò sí bí ẹ ṣe lè tọpa irú ẹrù bẹ́ẹ̀, torí pé láti ilé ló ti ṣìnà.

Nǹkan mẹ́rin ni ẹ ń wá. Èkíní ni NSN, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́tàlá tí ẹrù ológun Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́. Mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú mẹ́tàlá yẹn ń sọ irú ẹrù tó jẹ́: bí ẹ bá rí 5855, awò òru àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni, bí ẹ bá rí 1005, ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kò ju mìlímítà 30 lọ ni. Méjì tó tẹ̀ lé e ń sọ orílẹ̀-èdè tó fún un ní nọ́ńbà, 00 tàbí 01 sì ni ti Amẹ́ríkà. Méje tó kù ni ti ẹrù yẹn gan-an. Bí ẹyọ kan bá yí nínú rẹ̀, ẹrù mìíràn pátápátá ni ìwé yín ń sọ.

Èkejì ni serial number. Ẹ kà á sókè fún ẹlòmíràn kó kọ ọ́, kí òun náà kà á padà fún yín. Òdo àti lẹ́tà O, 1 àti lẹ́tà I, 8 àti B: àwọn wọ̀nyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù, pàápàá lórí irin tó ti dípẹtà.

Ẹ̀kẹta ni àmì onígun mẹ́rin tó kún fún tóótòòtó dúdú àti funfun, tí sikánà ń kà. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń fi dandan lé e nínú àdéhùn tuntun pé ẹrù tí ẹyọ rẹ̀ bá tó 5,000 dọ́là ní láti ní in. Nọ́ńbà tó wà nínú àmì yìí kò jọ ti ẹrù mìíràn kankan ní gbogbo ayé, ìdí nìyẹn tó fi dára ju serial number nìkan lọ: iléeṣẹ́ méjì lè fún ẹrù méjì ní serial number kan náà. Bí àmì náà bá ti họ tí sikánà kò kà á mọ́, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí àwọn tó máa tún un ṣe lè fi tuntun sí i. Ẹ má kàn gbójú fò ó.

Ẹ̀kẹrin ni ipò tí ẹrù náà wà, lẹ́tà kan ṣoṣo ló sì ń sọ ọ́. A ni èyí tó dára tó ṣeé lò. F ni èyí tó bàjẹ́ àmọ́ tó ṣeé tún ṣe. M ni èyí tó wà lórí tábìlì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe. H ni èyí tí wọ́n ti dá lẹ́bi pé kò ṣeé tún ṣe mọ́. F lẹ máa fi ránṣẹ́, táàgì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní DD Form 1577-2 lẹ sì máa so mọ́ ọn. Táàgì òféèfèé, ti ẹrù tó dára, kò gbọdọ̀ kù lára rẹ̀. Ẹrù tó ní táàgì méjì, ọ̀kan ewé, ọ̀kan òféèfèé, á kan dúró sí igun sítọ́ọ̀ kan ni títí ẹnìkan yóò fi wá pinnu èwo ló jẹ́ òótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí táàgì yìí. Àyè wà níbẹ̀ fún ohun tó ṣe ẹrù náà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń kọ síbẹ̀ ni «kò ṣiṣẹ́». Ẹni tó máa tún un ṣe ti mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí: «pọ́ǹpù ń jo epo níbi ìdè òsì, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí méjì tí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́». Ẹ fi báírò tí omi kò lè pa kọ ọ́. Ẹ fi wáyà so táàgì mọ́ ara ẹrù gan-an, kì í ṣe mọ́ àpótí, torí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ àpótí lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ìwé tó ń bá ẹrù rìn

DD Form 1348-1A ni ìwé náà, ẹ ó sì máa rí i lójoojúmọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù lórí rẹ̀ ni nọ́ńbà ìwé, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlá. Ẹ jẹ́ ká fi N99999-5120-0007 ṣe àpẹẹrẹ. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ẹ̀ka tó kọ ìwé náà: N dúró fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, W fún ti orí ilẹ̀, F fún ti òfurufú, M fún Marines. Mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́: 5 ni ìparí ọdún 2025, 120 sì ni ọjọ́ ọgọ́fà nínú ọdún náà, ìyẹn ọjọ́ 30 oṣù kẹrin. Mẹ́rin ìgbẹ̀yìn ni ipò ìwé náà láàárín àwọn tí ẹ kọ lọ́jọ́ yẹn. Èyí ni ẹlẹ́ẹ̀keje.

Nọ́ńbà yìí ni ẹrù náà ń jẹ́ láti ìsinsìnyí lọ. Òun lẹ máa fi béèrè, òun ni agbaṣẹ́ṣe máa fi dáhùn, òun ni wọ́n máa fi gbé bíìlì wá fún yín bí ọ̀rọ̀ bá dàrú. Fún ohun tó ní serial number, ẹrù kan, ìwé kan. Ẹ má di rédíò mẹ́ta papọ̀ lórí ìwé kan nítorí pé ibì kan náà ni wọ́n ń lọ. Bí méjì bá dé tí ọ̀kan kò dé, ìwé yẹn kò ní ṣeé pa dé, kò sì ní ṣeé ṣí sílẹ̀.

Nígbà tí ẹrù bá wọ ọwọ́ àwọn onímọ́tò, ó tún gba nọ́ńbà mìíràn, TCN, tó jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Bó ṣe sábà máa ń rí ni pé wọ́n á mú nọ́ńbà ìwé yín, wọ́n á fi lẹ́tà mẹ́ta kún un: N9999951200007XXX. Ẹ ṣọ́ àwọn X ìparí yẹn. Bí ẹ bá rí i tí lẹ́tà mìíràn gba ipò X, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti pín ẹrù náà sí ọ̀nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan lè dé lónìí kí èkejì dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: dídì

Ìwé kan á wà nínú àpótí, òmíràn á wà lára àpótí lóde, nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún ara yín. Bí ẹrù náà bá ní àpótí tirẹ̀ tí wọ́n ṣe fún un, inú rẹ̀ ni kó wọ̀, kò gbọdọ̀ wọ páálí lásán. Ẹ fa epo inú rẹ̀ gbẹ. Bí iná mànàmáná ọwọ́ bá lè ba a jẹ́, ọ̀rá tó wà fún un ni kí ẹ lò. Ẹrù tó bàjẹ́ tó tún wá fọ́ lójú ọ̀nà lè kúrò ní F di H, ẹni tó dì í ló sì fa àdánù yẹn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìwé tó wà lóde àpótí rèé. Nígbà ogun Gulf ọdún 1991, nǹkan bíi 40,000 kọ̀ǹténà ni wọ́n kó lọ sí aṣálẹ̀, ju ìdajì wọn lọ ni wọ́n sì ní láti ṣí kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó nílò táyà béèrè lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́ nǹkankan, ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni táyà náà wà ní ìtòsí nínú kọ̀ǹténà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ogun yẹn ni wọ́n wá mú táàgì tó ń fi rédíò sọ̀rọ̀ lọ́kùnkúndùn, èyí tí wọ́n ń pè ní RFID. Èyí tó ní bátìrì nínú máa ń bá ẹ̀rọ tó wà ní géètì èbúté àti pápákọ̀ òfurufú sọ̀rọ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ológun sì lẹ ti máa rí ibi tó gbà kọjá. Bí ẹrù yín bá wọ kọ̀ǹténà tó ní in, ẹ rí i pé ohun tí wọ́n kọ sínú táàgì náà bá ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà mu lọ́jọ́ yẹn gan-an. Táàgì kò mọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà. Ohun tí èèyàn bá sọ fún un ló ń tún sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nígbà tí awakọ̀ bá dé

Kò gba àkókò. Ẹ ka àpótí pẹ̀lú rẹ̀, kó buwọ́ lùwé, kó kọ orúkọ rẹ̀ lọ́nà tó ṣeé kà àti ọjọ́. Ẹ gba nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ akẹ́rù máa fi tọpa ẹrù náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìwé yín kí mọ́tò tó kúrò. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi, ọ̀pọ̀ ẹrù tó ń lọ fún àtúnṣe ń gba ọ̀dọ̀ ètò ATAC kọjá, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Norfolk àti San Diego. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tún un wò, tí wọ́n ń fi í sọ̀nà agbaṣẹ́ṣe tó yẹ. Ìyẹn ni pé ibi méjì ló wà tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ sọ pé ó dé: ATAC lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ilé àtúnṣe. Ìgbà tó bá dé ATAC, inú àwọn kan á ti dùn pé iṣẹ́ parí. Kò tíì parí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìwé àwọn tó wà lójú ọ̀nà

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Kọ̀ǹpútà ìjọba máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀, mi ò sì ní kí ẹ máa ṣe ìwé tó máa ta kò ó. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í wá yín wá láti sọ fún yín pé ẹrù yín ti dúró sójú kan. Ẹ̀yin lẹ máa wá a lọ. Ẹ ṣe tábìlì kan lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, níbi tí àṣẹ ti gbà, kì í ṣe lórí fóònù yín, kì í sì ṣe lórí WhatsApp. Ẹ fi ìlà kan fún ẹrù kan, kí ìlà náà ní nọ́ńbà ìwé, NSN, serial number, TCN, nọ́ńbà akẹ́rù, ọjọ́ tó kúrò, ibi tó ń lọ, ọjọ́ tí akẹ́rù sọ pé òun já a, ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe kọ̀wé pé òun gbà á, àti orúkọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ kẹ́yìn pẹ̀lú ohun tó sọ.

Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí akẹ́rù já a àti ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe gbà á jẹ́ ìlà òòró méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n pọ̀ fún yín. Ẹni tó buwọ́ lùwé akẹ́rù lè jẹ́ ẹ̀ṣọ́ géètì. Ó rí àpótí mẹ́wàá, ó buwọ́ lù mẹ́wàá. Kò mọ NSN, kò ṣí àpótí, kò sì sí ohun tó wọ ìwé kankan nípasẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí «ti já a» lórí íntánẹ́ẹ̀tì akẹ́rù tí ẹ sì pa ìlà yẹn dé, ẹ ti yọwọ́ kúrò nínú ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ to tábìlì náà kí èyí tó ti pẹ́ jù lójú ọ̀nà bọ́ sókè. Ẹ kàn ka mẹ́wàá àkọ́kọ́. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé ta ni ẹrù yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kí sì ni mo fi mọ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ «ó yẹ kó ti dé», ẹ kò mọ̀ nìyẹn. Ẹ gbé fóònù. Mo fẹ́ràn fóònù ju lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà lọ fún ìbéèrè àkọ́kọ́, torí pé ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀ agbaṣẹ́ṣe lè dìde lọ wo pẹpẹ nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ìlà. Lẹ́yìn náà ẹ kọ lẹ́tà tó sọ ohun tí ẹ jọ sọ, kí ẹ̀rí lè wà.

Ohun tí ẹ máa rí lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni pé ẹrù kì í sọnù káàkiri. Ibì kan náà ló ń sọnù sí. Ó lè jẹ́ iléeṣẹ́ kan tó ti kó kúrò sí àdírẹ́sì tuntun, tí àdírẹ́sì àtijọ́ sì wà nínú kọ̀ǹpútà síbẹ̀. Ó lè jẹ́ ibùdó kan tí wọ́n ń pààrọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ṣáá. Nígbà tí orúkọ ibì kan bá jáde nígbà mẹ́ta nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ má wulẹ̀ máa lé ẹrù kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín, kí wọ́n bá ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lọ́dọ̀ agbaṣẹ́ṣe

Abala yìí jẹ́ ti ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ àtúnṣe, àwọn tó wà lọ́dọ̀ ológun náà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹrù tí wọ́n kó wá fún yín kì í ṣe tiyín. Ti ìjọba ni, àdéhùn yín sì ti kọ ọ́ pé ẹ ó máa ṣírò rẹ̀ fún wọn. Òfin FAR 52.245-1 ló sábà máa ń wà nínú àdéhùn náà fún èyí, àwọn òṣìṣẹ́ DCMA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àdéhùn àwọn agbaṣẹ́ṣe ológun, sì máa ń wá wò ó bóyá ẹ ń ṣe é.

Ní ọjọ́ tí àpótí bá dé, ẹ ṣí i. Ẹ fi serial number ara ẹrù wé ti orí ìwé. Ẹ wọ kọ̀ǹpútà, kí ẹ kọ ọ́ pé ó ti dé, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́, kì í ṣe nọ́ńbà tuntun tí ẹ fún un nínú ilé. Fún àwọn ọmọ ogun ojú omi, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CAV ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ń lò: wọ́n á kọ pé ó dé ní F, nígbà tó bá gorí tábìlì wọ́n á sọ ọ́ di M, nígbà tó bá parí á di A, lẹ́yìn náà wọ́n á kọ pé ó ti jáde. Gbogbo ìyípadà yẹn ni ẹni tó fi í ránṣẹ́ ń fojú wá. Ó yẹ kí àwọn tó ní àkọsílẹ̀ ẹrù ìjọba lọ́wọ́ tún fi í hàn nínú PIEE, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹrù ìjọba tó wà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe.

Mo mọ ohun tó ń fa ìdádúró. Àpótí ń dé lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ọ̀sán, wọ́n á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹni tó ń tún nǹkan ṣe sì nílò ọ̀kan kíákíá, á wá mú un kí wọ́n tó kọ ọ́ wọlé. Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ lórí ilẹ̀, kí ẹ sọ fún gbogbo èèyàn pé ohun tó wà lẹ́yìn ìlà yìí kò tíì wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ mú un. Ìlà ọ̀dà lásán máa ń dáàbò bo ẹrù ju ìpàdé mẹ́wàá lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ 45

Ìlànà tí àwọn GAO tọ́ka sí ní 2004 ni pé bí agbaṣẹ́ṣe kò bá kọ̀wé pé ó ti gba ẹrù láàárín ọjọ́ 45, ẹni tó ń ṣàkóso ẹrù náà gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí sí pé kí wọ́n dúró di ọjọ́ 45. Lójú mi, ọjọ́ 45 ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù. Fún ẹrù tó ń rìn láàárín Amẹ́ríkà, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ pe akẹ́rù nígbà tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ kò rí «ti já a», kí ẹ sì pe agbaṣẹ́ṣe lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já a tí ẹ kò rí i nínú ìwé. Awakọ̀ ṣì rántí. Ẹ̀ṣọ́ géètì ṣì rántí. Fídíò ẹnu ọ̀nà ṣì wà. Lẹ́yìn oṣù méjì, kò sí ẹni tó máa rántí nǹkankan mọ́. Bí iṣẹ́ bá ní ìlànà tirẹ̀ tó le ju èyí lọ, ti iṣẹ́ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi, owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ẹni tó bá gba ẹrù tuntun tó sì ṣèlérí láti dá èyí tó bàjẹ́ padà, owó kékeré ló ń san. Bí èyí tó bàjẹ́ kò bá dé, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìbéèrè tí wọ́n ń pè ní BK1 ránṣẹ́ sí i, ìdáhùn rẹ̀ sì ni BK2. Bí ìdáhùn kò bá wá, tàbí tí kò ní ẹ̀rí, wọ́n á gba ìyókù owó náà lọ́wọ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ẹ̀dà DD Form 1348-1A tí awakọ̀ buwọ́ lù, tí mo ní kí ẹ fi pamọ́, ni ẹ̀rí náà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: nígbà tí ohun tó dé kò bá ìwé mu

Ó lè dín. Ó lè jẹ́ serial number mìíràn. Ó lè jẹ́ pé àpótí ṣófo. Ẹni tó gbà á ló máa kọ SDR, ìwé tó ń sọ pé ohun tó dé yàtọ̀ sí ohun tí ìwé sọ, kí ó sì ya fọ́tò àpótí, ìdè rẹ̀, táàgì, àti ara ẹrù kí wọ́n tó ṣí gbogbo rẹ̀ tán, bí òfin ibẹ̀ bá gba fọ́tò láàyè. Bó bá jẹ́ pé mọ́tò ló bà á jẹ́, ìwé mìíràn wà fún ti akẹ́rù, TDR. Ẹ má ṣe fi ìmọ̀ràn àárín yín yanjú rẹ̀, kí sítọ́ọ̀ méjì máa tún serial number kọ láti mú kí ó bára mu. Irú àtúnkọ bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ kí ẹrù kan wà ní ibi méjì lórí ìwé, kò sì sí níbì kankan lójú.

Bí ó bá sọnù pátápátá, ẹ̀ka tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ìnáwó lórí DD Form 200. Ẹ má bẹ̀rù fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹni tó ní tábìlì ọjọ́ Ajé rẹ̀, tí ọjọ́ àti orúkọ wà nínú rẹ̀, á kọ ọ́ ní ìdajì wákàtí, á sì dáhùn ìbéèrè láìgbọ̀n.

Ìbọn, awò òru àti ẹrù àṣírí

Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ gbàgbé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo sọ. Ọjọ́ kan ti pọ̀. Lẹ́tà ìṣọ́ra tó wà nínú àkọsílẹ̀ NSN, èyí tí wọ́n ń pè ní CIIC, ló máa sọ fún yín irú ìṣọ́ tó nílò. Ìwé DD Form 1907 máa ń bá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rìn, ẹnikẹ́ni tó bá gba a lọ́wọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú, láti ọwọ́ sí ọwọ́ títí yóò fi dé. Serial number ìbọn kọ̀ọ̀kan wà nínú àkọsílẹ̀ àpapọ̀ àwọn ológun, bí ìbọn bá sì ti kúrò lọ́dọ̀ yín lọ sí ilé àtúnṣe, àkọsílẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ń retí rẹ̀ kí mọ́tò tó gbéra. Ẹ sọ àkókò fún un. Bí àkókò náà bá kọjá tí kò pè padà, ẹ sọ fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ náà.

Nígbà àbọ̀

Ẹrù tí wọ́n tún ṣe tán kì í sábà padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ó lè wọ sítọ́ọ̀ ìjọba, kí wọ́n fún ẹ̀ka mìíràn. Nígbà tó bá jáde, nọ́ńbà ìwé tuntun ló ń gbà, ti àtijọ́ sì ti parí. Nítorí náà ẹ má pa ìlà yín dé nígbà tí ẹ bá rí M. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí A tàbí H nínú ìwé agbaṣẹ́ṣe. Bó bá jẹ́ A, ẹ kọ nọ́ńbà ìwé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́ lórí ìlà kan náà, nítorí pé ẹni tó bá rí ẹrù yẹn lọ́dún méjì sí i, tó fẹ́ mọ ìdí tí pọ́ǹpù fi ń jò padà, serial number nìkan ló máa ní lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ H, ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti ba a jẹ́ tàbí kó o lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí, kí ẹ tó pa ìlà yẹn dé. Àwọn ẹrù kan kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ará ìta kódà nígbà tí wọ́n bá ti di àwókù.